Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn ní Ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́

A kì í pe ènìyàn wá sí slava, àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé. Bí a ṣe bá a láyé nìyẹn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni mímọ́ tirẹ̀. Bàbá ló ń fà á lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ náà ló ń wá. Onílé á tan àbẹ́là, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kò sì ní jókòó títí àlejò tó gbẹ̀yìn yóò fi lọ, torí pé ìránṣẹ́ ló jẹ́ lọ́jọ́ náà nínú ilé ara rẹ̀.

Ti ìdílé Tihomir, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ti ìgbà ìwọ́wé ni. Àárín oṣù kọkànlá ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí igi inú àgbàlá wa bá ti já ewé rẹ̀ dànù tán, tí èéfín ààrò kò sì fẹ́ gòkè mọ́, tó kàn ń rìn nílẹ̀ láàárín ilé. Àjà òkè pátápátá ni Tihomir àti Vidosava ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ náà, ènìyàn lè dúró ní ìsàlẹ̀ kó fi imú mọ ohun tó wà lórí tábìlì wọn: ẹran àti ìrẹsì tí a fi ewé kábéèjì kíkan pọ́n, búrẹ́dì ńlá tí a fi ìyẹ̀fun ya òdòdó sí lórí, àlìkámà bíbọ̀ tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ àsálà àti ṣúgà. Àlìkámà yẹn la máa ń kọ́kọ́ fún àlejò. Ṣíbí kan, kó tó jókòó.

Tihomir a máa dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò ọtí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á dùn. Vidosava ló se gbogbo rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

"Ẹni mímọ́ tìrẹ ni, Tihomir. Ẹ̀yìn tó ń dunni, tèmi ni."

"Ẹni mímọ́ náà mọ̀," Tihomir á dáhùn. "Ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní iyọ̀ ò tó."

A ó rẹ́rìn-ín. Vidosava náà á rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí ààrò.

Obìnrin kúkúrú ni Vidosava, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn afọṣọ tó wà nítòsí ibùdókọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rán bọ́tìnnì tó já àti etí aṣọ tó tú. Bí ó bá pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú. Púpọ̀ nínú ẹ̀wù òtútù ìlú wa ló ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó mọ̀, torí pé bọ́tìnnì tí a rán dáadáa kì í pe ènìyàn pé kó wá wo òun. Kò sì bìkítà. Ó ní ohun tó wu òun láyé kò pọ̀: kí ilé gbóná, kí ẹnu dákẹ́, kí òun rí àyè jókòó.

Àyè àtijókòó yẹn ni kò rí rí ní oṣù kọkànlá.

Nínú gbogbo àlejò Tihomir, ọ̀kan wà tó máa ń kọ́kọ́ dé, tó sì máa ń gbẹ̀yìn lọ. Sretko lorúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè láti ìgbà ọ̀dọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ilé ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti tọ́ Sretko. Kò mọ bàbá, nítorí náà kò mọ ẹni mímọ́ ìdílé rẹ̀. Láàárín wa, ìyẹn dà bíi kí ènìyàn má mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò fẹ́ ìyàwó, abúlé tó wà lẹ́yìn ojú irin ló ń gbé, òun àti àgbá kábéèjì kíkan rẹ̀ àti adìyẹ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, Tihomir gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, "Máa bá mi lo tèmi. Jọ́ọ̀jì ní ẹṣin, ẹṣin náà lè gbé ènìyàn méjì." Láti ọdún yẹn ni Sretko ti ń wá pẹ̀lú páálí kọfí kan àti ọsàn nínú àpò bébà. Ó ń pe Vidosava ní "Ìyàwó," bí ẹni pé ẹbí ọkọ ni òun jẹ́. Kò sí ẹni tó bi í léèrè.

Tihomir kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, lójú oorun, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé dé, Vidosava dá sun ata pupa tí yóò jẹ nígbà òtútù nínú àgbàlá, ó sì rọ ọ́ sínú ìgò díẹ̀. Ó gba igi ìdáná, ó tò ó sínú yàrá ìsàlẹ̀. Ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ. Lọ́sẹ̀ tí slava kù sí dẹ̀dẹ̀, Nenad ọmọ rẹ̀ pè é láti ilẹ̀ Austria níbi tó ń ṣiṣẹ́.

"Màmá, ẹ má ṣe wàhálà kankan lọ́dún yìí o. Ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Èmi ni slava kàn báyìí, mi ò sì sí nílé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó ṣe é dáadáa."

"Àwọn ènìyàn ńkọ́?"

"Ó máa yé wọn."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Màmá, ta ló ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀?"

Ẹni tí a kò pè, báwo la ṣe fẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó má wá? Ó lè sọ fún Jelica tó ń gbé ní àjà tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì dé ọjà kó tó di ọ̀sán. Kò sọ fún un. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tù ú lára. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ọdún tó ti pẹ́. Tihomir ni wọ́n ń wá kí, ó sọ fún ara rẹ̀; Tihomir kò sí mọ́, ta ni yóò gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn nítorí òun?

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó fa kọ́tìnnì dé. Kò tan àbẹ́là. Ó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ṣíìsì lórí ìdúró, ó fọ àwo kan ṣoṣo, ó wá bu omi láti nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àkísà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún.

"Ìyàwó!" Ohùn Sretko ni, èémí rẹ̀ ti fẹ́ tán. "O kú ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́ o!"

Ọwọ́ Vidosava dé ara kọ́kọ́rọ́. Ó sọ èyí fún wa lẹ́yìn náà, kò yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà: ọwọ́ òun dé ara kọ́kọ́rọ́. Ó wá rántí tábìlì. Ó rántí ààrò tútù, àlìkámà tí kò sí. Kí ló fẹ́ bù sí i lẹ́nu kó tó jókòó? Ojú tì í. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́ díẹ̀, Sretko yóò lọ.

Sretko tún tẹ aago. Ilẹ̀kùn Jelica ṣí nísàlẹ̀.

"Ta nìyẹn? Háà, Sretko! Ìwọ ṣì wà láyé?"

"Mò ń gbìyànjú. Vidosava dà?"

"Ó wà nílé. Mo gbọ́ omi lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Àbí ó ti jáde lọ sí ibojì ni... Wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi jàre, òtútù máa pa ọ́ síbẹ̀, wọ́n á ní èmi ni."

"Rárá. Ẹni tó ń lọ sí slava kì í yà."

"Agídí ti rélùwéè," Jelica ní, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Sretko jókòó sórí àtẹ̀gùn. Vidosava gbọ́ bí àpò bébà ṣe ń dún nígbà tó gbé e kalẹ̀. Ó gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Pákó kan wà nídìí ilẹ̀kùn yẹn tó máa ń ké bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ló sì dúró sí, nítorí náà kò lè lọ síwájú, kò lè lọ sẹ́yìn. Omi ń kán láti ara àkísà sórí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bí àkókò ṣe ń lọ ni ilẹ̀kùn náà ń ṣòro í ṣí. Bó bá ti ṣí i ní kíákíá, ó lè ní òun wà nínú ilé ìwẹ̀. Báyìí, kí ló fẹ́ sọ?

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì, igi pẹlẹbẹ kan láàárín wọn, títí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àtẹ̀gùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

"Ó dára," Sretko ní. Bóyá ilẹ̀kùn ló ń bá sọ̀rọ̀, bóyá ara rẹ̀ ni.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan. Láti etí kọ́tìnnì, Vidosava rí i bó ṣe la àgbàlá kọjá lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò, àpò bébà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. A kì í gbé ẹ̀bùn slava sílẹ̀. Ọwọ́ la fi ń fún ọwọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jelica dá a dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ibo lo gbà lánàá? Sretko jókòó síbí bí ọmọ tí tíṣà lé jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí."

"Mo lọ sí ibojì," Vidosava ní.

Ó jáde bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kò débẹ̀. Ó ra àlìkámà, ó padà sílé, ó gbé e kaná láìrẹ ẹ́ sómi. Ó dáná ààrò. Ó tan àbẹ́là síwájú àwòrán ẹni mímọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òtútù àtẹ̀gùn sì ń fẹ́ wọlé. Ọjọ́ kejì slava ṣì jẹ́ slava. Ẹni tí kò ráyè lánàá lè wá lónìí. Ṣùgbọ́n ta ni kò ráyè lánàá, bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀? Ó lọ àlìkámà náà pọ̀ mọ́ àsálà. Nígbà tó tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀.

Nígbà náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe láàárín wa. Ó fi aṣọ mímọ́ bo àwo àlìkámà náà, ó gbé slava rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Sretko wà nínú àgbàlá rẹ̀, níwájú àgbá kábéèjì. Ó ń fa omi iyọ̀ jáde láti ìdí àgbá sínú korobá, kó lè dà á padà láti òkè. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí òtútù fi wọlé pátápátá, ti ìsàlẹ̀ á jẹrà. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin náà lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwo.

"Ẹ wá wò ó!" ó ní. "Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ti ta ẹṣin rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ báyìí."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bùrọ̀dá."

"Wọlé, wọlé. Òtútù ò mọ ẹni mímọ́."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó dára. Vidosava rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù náà kan ti fẹ́ já. Sretko ṣe àmì àgbélébùú, ó bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó le díẹ̀," ó ní.

"Mi ò rẹ ẹ́ sómi."

"Kò burú. Mo ṣì ní eyín. Wọn ò kan jọ kojú síra wọn mọ́ ni."

Vidosava kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùrọ̀dá, lánàá..."

"Lánàá, mi ò lè wá," Sretko yára já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Orúnkún yìí ni. Mo dùbúlẹ̀ látàárọ̀. Mo ní bílẹ̀ bá mọ́, màá wá bẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi, Ìyàwó. O ti se gbogbo oúnjẹ yẹn, o wá ń retí mi."

Páálí kọfí àti àpò ọsàn náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn orí rẹ̀.

Vidosava rí wọn. Ó sì rí ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe fún un. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀nà fún un láti jáde. Ohun tó kù kò ju kó gba ibẹ̀ lọ. Òun tó ṣẹ̀, òun ni wọ́n ń bẹ̀.

"Kò burú," ó ní. "Ṣé orúnkún náà ti fúyẹ́?"

"Ó ti fúyẹ́."

Sretko po kọfí. Ó gé búrẹ́dì, ó gé ẹran tí a fi èéfín gbẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ adìyẹ, ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá ibùdó rélùwéè kan tó máa ń sùn lórí ìdúró láyé ìgbà tí òun àti Tihomir jọ wà. Vidosava ń mi orí. Ó rò pé bí òun bá ti lè lọ sílé báyìí, yóò parí. Lẹ́yìn náà ló rí i pé kò ní parí. Lọ́dọọdún ni Sretko yóò máa wá, yóò máa tọ́jú irọ́ náà fún òun, òun yóò sì máa fi ọtí kún ife rẹ̀.

"Mo fẹ́ parí àgbá yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú," Sretko ní.

"Mo máa bá yín gbé korobá."

Wọ́n jáde. Sretko ń fa omi, Vidosava ń gbé korobá sókè, ó ń dà á sórí kábéèjì. Omi náà tutù, ó ń ta ọwọ́, òórùn kíkan rẹ̀ mọ́, ó sì le. Wọ́n ṣe é fúngbà díẹ̀.

"Mo wà nílé," Vidosava ní.

"Kí lo wí?"

"Lánàá. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi jókòó, mo dúró síbẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń húkọ́."

Sretko dí ihò àgbá náà. Kò yára dìde.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ ò wá?"

"Kí ọ̀rọ̀ náà lè tán." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "O fẹ́ gbọ́ ọ? Ó dára, gbọ́. Nígbà tí mo tẹ aago tí o ò dáhùn, mo rò pé o ti kú. Mò ń wo ilẹ̀kùn yẹn, mò ń ro ẹni tí mo máa pè kó wá jálẹ̀kùn. Jelica wá ní òun gbọ́ omi. Inú mi dùn, Ìyàwó! Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ìyẹn ni mo fi jókòó. Ìgbà tí mo jókòó tán ló tó yé mi. O wà láàyè. Èmi lo ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún."

"Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì. Ojú tì mí."

"Ta ló bi ọ́ ní tábìlì? Ṣé ebi ló ń pa mí ni? Ǹ bá jẹ búrẹ́dì àná. Ǹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n kí ọ, kí n máa lọ. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní láyé yìí tí mò ń lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí, Vidosava. Ẹyọ kan."

Kò pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo rò pé Tihomir lẹ ń wá kí," ó ní.

"Tihomir ń gbé ìgò dúró. Ta ló ń tú aṣọ òtútù kúrò lọ́rùn mi? Ta ló ń rán bọ́tìnnì rẹ̀ kí n tó mu ife kejì tán? Ṣé o rò pé n kì í rí ọ ni?"

Vidosava di etí korobá náà mú. Kò rántí. Ó gbìyànjú láti rántí, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún, láìronú sí i, bí ènìyàn ṣe ń nu ẹnu ọmọ. Gbogbo ọdún tí òun fi ń ka slava sí ẹrù, ẹnìkan ti ń jókòó sí ìgun tábìlì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun nínú.

"Ẹ dárí jì mí, Bùrọ̀dá."

"Rárá," Sretko ní. "Kì í ṣe lónìí. Bu omi."

Ó bu omi. Wọ́n da omi náà padà sínú àgbá tán, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí. Ó sọ fún wa pé ohun ìyàlẹ́nu ni: láti ìgbà tó ti gbọ́ "rárá" yẹn ni èémí òun ti ń já geere. Àánú ọkùnrin náà ti fẹ́ fún òun lọ́rùn pa. Ìbínú rẹ̀ ni òun lè gbé. Ó ní bí òun ṣe ń gbé korobá tó gbẹ̀yìn, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú sì ń ti òun pé irú nǹkan báyìí ni òun ń dúpẹ́ fún.

Sretko sìn ín dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀.

"Sátidé ni mo tún máa yí omi yẹn," Sretko ní nígbà tí iná bọ́ọ̀sì yọ. "Èmi nìkan ò lè gbé korobá. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn ni irọ́."

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ kábéèjì ni mò ń sọ. Má fi tìrẹ kún un."

Nígbà tó délé, Vidosava kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn Jelica. Ó sọ fún un pé òun kò lọ sí ibojì kankan. Jelica wò ó títí. "Mo sọ fún un pé mo gbọ́ omi," ó ní, ó sì gbé àga fún un. Ibẹ̀ ni àwa yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe ẹnu Jelica la ti gbọ́ ọ. Vidosava fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ó bá dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan kọ́kọ́rọ́, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó máa bá a lọ.

Gbogbo Sátidé ló ń lọ, títí di ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá padà dé, ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n, á máa rùn fún omi kábéèjì.

"Ó ti dárí jì ọ́?" Jelica á bi í láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Kò tíì," Vidosava á dáhùn, á sì máa gun àtẹ̀gùn lọ. "Kábéèjì ṣì pọ̀ nínú àgbá."